Kí Ẹ Tó Gbé Páásípọ́ọ̀tù Ọmọ Yín Wá Síwájú Pẹpẹ

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì kọ "Àmín" sísàlẹ̀, torí kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ gbà. Ẹ kà á dé òpin ná.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tó tú u, páásípọ́ọ̀tù ni. Ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi da òróró sí i. Ejẹ́ǹtì ti rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fún un ní Yúróòpù. Ighalo kejì ni mo bí yìí, sà."

Mo ní ẹgbẹ́ wo nìyẹn? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wo? Ó ní ejẹ́ǹtì ní káwọn má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ọ̀tá ilé baba. Mo ní èló ni ejẹ́ǹtì gbà lọ́wọ́ yín? Ó wolẹ̀.

Mi ò da òróró sí i. Inú bí i, mo mọ̀. Ó fi bọ́kọ̀ sílẹ̀ lójú mi, ó ní pásítọ̀ àwọn ti ń tutù. Bóyá ó ń ka èyí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìyá mi, nítorí yín ni mo ṣe jókòó kọ ọ́, àti nítorí ọmọ kan mìíràn tí mo máa dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Ighalo tí ẹ dárúkọ yẹn. Mo ti ṣàkíyèsí pé gbogbo wa la mọ ìparí ìtàn ọmọkùnrin yẹn, a sì mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Àárín rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í sọ.

Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ní Èkó wa níbí. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1989 ni wọ́n bí i. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni bíi ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ á mọ pápá tí wọ́n ń pè ní Maracana, á sì mọ̀ pé àdúgbò tó mú irú Samson Siasia jáde kì í ṣe àdúgbò tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù torí àtidá ara yá lásán. Ibẹ̀ le. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ tí kò bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ lọ, ẹ bá òbí rẹ̀ dúpẹ́.

Kó tó kúrò ní Nàìjíríà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Prime FC ní Òṣogbo, ó tún gbá fún Julius Berger ní Èkó. Ẹ fọkàn sí ibẹ̀ yẹn, ẹ má sáré kọjá. Kò ti orí pápá àdúgbò fò lọ sí Manchester. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ló ti gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ti ń fi ìgbúnwọ́ gún ọmọdé níhà, tí rẹfirí á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ti hàn sí ìta kí ẹnikẹ́ni tó wá pè é.

Ní 2007, Lyn, ẹgbẹ́ kan ní Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway, mú un. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ni Mikel Obi gbà kọjá ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á rántí ariwo tí Manchester United àti Chelsea fi ọ̀rọ̀ Mikel pa nígbà yẹn. Ọdún yẹn ni Ighalo pé ọmọ ọdún 18. Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Ọmọ Ajégúnlẹ̀, níbi tí ariwo kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n gbé e lọ síbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, tí ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nígbà òtútù. Kò sí ìyá, kò sí ẹ̀bà, kò sí ẹni tó máa bá a fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàwàdà.

Ní 2008, Udinese ní Ítálì rà á. Ká ní ọmọ ìjọ wa ni, ẹ ò rí i bí ìgbà ẹ̀rí ọjọ́ Àìkú yẹn ì bá ṣe gbóná! Serie A kẹ̀! Ìyá rẹ̀ á ti pín áńkárá, àwọn akọrin á ti gun orí àga, àwa pásítọ̀ á sì ti máa rán ìjọ létí pé àìsùn oṣù tó kọjá ló bímọ yìí. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ parí. A ti dé èbúté ògo.

Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdúpẹ́? Kò ráyè gbá bọ́ọ̀lù. Ìdílé Pozzo ló ni Udinese. Nígbà tó di 2009 wọ́n gba Granada ní Spéìn mọ́ tiwọn, ní 2012 wọ́n tún gba Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á mú agbábọ́ọ̀lù láti ilé kan, wọ́n á gbé e sí òmíràn, bí ìyá ọlọ́jà tó ní ìsọ̀ mẹ́ta ṣe máa ń kó ẹrù láti ìsọ̀ kan sí èkejì, tó ń wo ibi tó ti máa yá. Ighalo di ọ̀kan nínú ẹrù yẹn. Wọ́n fi yá Granada ní 2009. Granada ìgbà yẹn kì í ṣe ti La Liga o. Ìpele kẹta ni wọ́n wà. Ọmọ tí wọ́n rà wá sí Serie A ló bá ara rẹ̀ ní ìpele kẹta ní ìlú onílùú, ó tún ń kọ́ èdè kẹta láàárín ọdún mẹ́ta.

Wọ́n tiẹ̀ tún fi yá Cesena ní Ítálì ní 2010, oṣù díẹ̀ ni, wọ́n tún dá a padà sí Granada. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ dà. Síbẹ̀, Granada gòkè ní 2010, wọ́n tún gòkè ní 2011. Ọjọ́ tí wọ́n gòkè sí La Liga, ní ìlú Elche, góòlù tó gbé wọn gòkè, Ighalo ló jẹ ẹ́. Ọdún 35 ni Granada ti wà nísàlẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn. Ẹ bi ara yín léèrè: ta nínú wa ní Akówọnjọ ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mo jẹ́ ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù gan-an, ìyàwó mi á jẹ́rìí sí i. Mi ò gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn náà, nǹkan tún rọ̀. Ní La Liga, góòlù wọ́n ọn. Ní 2014 wọ́n tún gbé e lọ sí Watford, ìpele kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìpele òkè ní Spéìn bọ́ sí ìpele kejì. Ìbátan tó ń retí owó nílé á ti máa sọ pé ọmọ yìí ń padà sẹ́yìn, ẹ lọ wo ilé ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti bú jáde. Góòlù 20 ní líìgì lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, Watford gòkè sí Premier League. Ọdún kejì, góòlù 15 ní Premier League. Ní oṣù Kejìlá 2015 wọ́n lu Liverpool 3-0, Ighalo jẹ méjì nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú oṣù náà. Ìgbà yẹn ni gbogbo Nàìjíríà wá mọ̀ pé ọmọ wa ni.

Láti 2007 dé 2014, ọdún méje ni. Ọdún méje tí kò sí nínú ẹ̀rí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí oníwàásù. Dípúlómà ni mo ní nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, Gíríìkì tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ìtàn àlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 30 ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 13. Nínú ọdún 13 yẹn, kòtò wà níbẹ̀, ọjà ẹrú wà níbẹ̀, irọ́ ìyàwó ọ̀gá wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó jàǹfààní lára rẹ̀ tó sì gbàgbé rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa oníwàásù òde òní, a ti sọ ọ́ di ìwàásù ìṣẹ́jú 40: a bẹ̀rẹ̀ níbi ẹ̀wù aláràbarà, a fò, a balẹ̀ sí ààfin. Àwọn ènìyàn ń fò sókè, wọ́n ń sáré wá síwájú pẹpẹ. Tí ọmọ wa bá wá dé kòtò ńkọ́? Á rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀ ni, nítorí a ò sọ fún un pé kòtò wà lójú ọ̀nà.

Kì í sì í ṣe Ighalo nìkan. Victor Osimhen, ọmọ Olúsọ́sùn, tó ta omi inú ọ̀rá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó. Ní 2015 ó jẹ góòlù 10 ní Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 ní Chile. Wolfsburg ní Jámánì mú un. Kò jẹ góòlù kan ṣoṣo fún wọn. Ní 2018 ó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ tán, ẹgbẹ́ méjì dán an wò, àwọn méjèèjì ní kò tó. Ìkẹta, Charleroi, ló gbà á. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Napoli gba líìgì Ítálì, òun ló sì jẹ góòlù jù ní gbogbo Ítálì, 26. Ẹ wo ẹni tí ẹgbẹ́ méjì lé padà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí.

Ọdún 2016 ni. Ighalo ń gbóná lọ́hùn-ún, gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò wa ló ń wọ jásì Watford, àwọ̀ yẹ́lò àti dúdú. Opó kan wà nínú ìjọ wa tó ń yan ẹja tà. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 16, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dà bí idán. Mi ò ní sọ orúkọ wọn. Ejẹ́ǹtì kan yọ. Ó wọ tíráàkì, ó ní fóònù mẹ́ta, ó ń dárúkọ Ighalo bí ẹni tí wọ́n jọ jẹ gàrí. Ó ní ẹgbẹ́ kan ti fẹ́ ọmọ náà, owó ìwé nìkan ló kù: 650,000 náírà.

Ìyá náà mú ọmọ àti páásípọ́ọ̀tù wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò béèrè ohun tí mo béèrè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí. Mo da òróró sí i. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo sọ fún ìjọ láti orí pẹpẹ pé mo rí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra nínú ẹ̀mí, mo sì ní ká dá owó fún ọmọ náà. A rí 240,000. Ìyá rẹ̀ kó owó àjọ tirẹ̀, ó ta firísà tó fi ń tọ́jú ẹja, ó fi dí èyí tó kù.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ òtítọ́ ọkọ̀ òfurufú yẹn? Mo rí ọkọ̀ òfurufú lóòótọ́, lójú àlá. Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ti ránṣẹ́ pè mí, wọn ò fún mi ní físà, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Àlá ti ara mi ni mo lá. Mo gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ejẹ́ǹtì kó ọmọ náà lọ sí Kútọnu. Ó ní ibẹ̀ ni físà ti máa jáde. Ká ní mo lo làákàyè tí Ọlọ́run fún mi, mi ò bá ti béèrè pé kí ni ọmọ Nàìjíríà ń wá físà Yúróòpù lọ sí Kútọnu fún. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n kó wọn sínú yàrá kan, àwọn ọmọkùnrin mọ́kànlá, mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta. Ẹ kà á dáadáa: mọ́kànlá, odindi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ń jí lówùúrọ̀, wọ́n ń sáré létí òkun, wọ́n ń retí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú. Onílé lé wọn síta. Ọmọ náà ta bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ gba ẹnubodè Sẹmẹ̀ wálé.

Ọjọ́rú ló dé. Mo mọ̀ nítorí pé ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ni. Ìyá rẹ̀ wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Títí di òní, kò fi mí sùn fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ní tirẹ̀ kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. Mo wàásù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo wàásù lórí ìgbàgbọ́, mi ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ará sì ṣe mí bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀rí ń gba gbohùngbohùn, àdánù ń gba ẹ̀yìn ilé.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irú rẹ̀ pọ̀ kárí ayé. Agbábọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ ará Kamẹrúùnù, Jean-Claude Mbvoumin, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Faransé ní ọdún 2000, Foot Solidaire, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ejẹ́ǹtì kó lọ sí Yúróòpù tí wọ́n sì já sílẹ̀ sí títì. Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣọ́ agbo, mi ò gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo mọ̀ báyìí tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn nìyí. Òfin FIFA ni pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Àwọn àyè díẹ̀ wà tó yàtọ̀, bíi kí òbí fúnra rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò kan bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbé Akówọnjọ tí òun nìkan ń lọ, kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé ọmọ ọdún 15 lọ wọ ẹgbẹ́ ní Yúróòpù, yálà irọ́ ló ń pa, tàbí ó fẹ́ kí ẹ pa irọ́ ọjọ́ orí. Ìkejì yẹn tún wọ́pọ̀ láàárín àwa onígbàgbọ́, ká má tan ara wa. Láti 2023, ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò FIFA kó tó gba ìwé àṣẹ, orúkọ àwọn tó ní i sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA. Ọmọ yín tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè wò ó láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹnìkan á kọ̀wé pè é, orúkọ ẹgbẹ́ á wà lórí ìwé náà, ẹ sì lè kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà fúnra yín láti béèrè. Wọn kì í sọ pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀tá. Ẹni tó bá ń lo ọ̀tá ilé baba láti fi dẹ́rù bà yín kí ẹ má bàa béèrè ọ̀rọ̀, ẹ fura sí i, kódà tó bá jẹ́ pásítọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí ọmọ má lọ. Àwọn kan á tí máa sọ nísàlẹ̀ níbí pé Dádì ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé Nàìjíríà á dára. Nàìjíríà le. Bí Ighalo bá dúró sí Julius Berger títí, iye tó ń gbà kò ní tó iye tó fi kọ́lé fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ, ó sì dára bó ṣe lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé físà ni ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, kì í ṣe òpin ebi. Ọmọ tí a kò kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọdún méjì láìsọ ara rẹ̀ nù, a kò tíì múra rẹ̀ sílẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ gálọ́ọ̀nù òróró kan la dà sórí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Àti pé, tó bá tiẹ̀ dé òkè, ohun tó wà lókè náà kì í ṣe àríyá nìkan. Nígbà tí góòlù gbẹ ní Watford, wọ́n tà á sí Changchun Yatai ní Ṣáínà ní oṣù Kìíní 2017. Àwọn ènìyàn wa ní owó ló ń lé kiri. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2018, Nàìjíríà bá Argentina gbá ní Rọ́ṣíà. Ighalo pàdánù àǹfààní tó yẹ kó jẹ́ góòlù, Rojo wá jẹ tiwọn ní ìṣẹ́jú 86, a wá ilé. Ẹ rántí ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe. A wọ ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ṣépè, àwọn kan ní àwọn máa pa á, wọn ò yọ ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Nínú pálọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi pásítọ̀ yìí la ẹnu mi, mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí. Mọ́mì yín wò mí, wọ́n ní, "Ẹnu tẹ́ ẹ fi ń súre lọ́jọ́ Àìkú ni yẹn o." Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lọ sùn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Íjíbítì, òun ló jẹ góòlù jù ní Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, góòlù márùn-ún, méjì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a lu Kamẹrúùnù 3-2. Nàìjíríà gba bàbà. Àwọn tó ṣépè kọ "Ọba góòlù". Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ Super Eagles. Mi ò bá a wí.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kìíní 2020, Manchester United, ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ràn láti kékeré, yá a láti Shanghai Shenhua. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó sì gbà kí owó rẹ̀ dín kù kó lè lọ. Ó dé Manchester tán, nítorí pé Ṣáínà ló ti ń bọ̀, tí àrùn kòrónà sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kó bá àwọn yòókù ṣe ìdánrawò. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ taekwondo ló ti ń dá ṣe tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti kú ní Kánádà ní oṣù Kejìlá tó ṣáájú. Ọjọ́ tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún United, sí Club Brugge, ó gbé jásì rẹ̀ sókè, fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ní gbogbo ohun tó tọrọ, tó ń sunkún ẹni tí kò rí i. Mo wo àwòrán yẹn pẹ́.

Nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó kọ́ ilé àwọn ọmọ aláìníbaba sí Ìjẹ̀gún, ní Èkó wa yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ọmọ yín ní Ighalo kejì, mélòó nínú yín ló mọ̀ pé ilé yẹn wà? Ìjẹ̀gún ni mo wí, mi ò wí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní báyìí, ohun tí mo ti pinnu. Mi ò ní da òróró sí páásípọ́ọ̀tù ọmọ kankan tí kò tíì pé 18 nítorí bọ́ọ̀lù mọ́. Ejẹ́ǹtì kankan kò ní gba gbohùngbohùn nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo òbí tí ejẹ́ǹtì ti gba owó lọ́wọ́ wọn tàbí tó ń béèrè, kí wọ́n kó ìwé wá sí gbọ̀ngàn kékeré. Lọ́yà méjì wà nínú ìjọ wa, wọ́n ti gbà láti jókòó. Ìyá mi tọjọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ mú ọmọ náà dání, mo fẹ́ rí bó ṣe ń gbá a. A ò lé yín.

Ọmọ tó ti Kútọnu dé ti di géńdé ọkùnrin báyìí. Fèrèsé alúmíníọ̀mù ló ń ṣe ní Ṣàṣà, ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Mo lọ bá a lóṣù tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo ya sí mímọ́. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Dádì, ẹ dìde, àwọn kọ́sítọ́mà ń wò wá." Kò ṣèlérí pé òun máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun ṣì máa ń gbá bọ́ọ̀lù.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìyá rẹ̀ padà láti inú àpò mi, díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé náírà 2016 kọ́ ni náírà òní, 410,000 tó kó kalẹ̀ nígbà yẹn lè ra firísà, kò lè ra ìdajì rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé 100,000 àkọ́kọ́ lọ bá a níbi tó ti ń yan ẹja, nínú èéfín. Ó nu ọwọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ 10,000 níbẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní ìdámẹ́wàá òun nìyẹn. Mi ò lè gbà á. Mo dúró síbẹ̀, ojú ń ta mí, mo ní kó fi dì mí ní ẹja.